Igi Wílò ní Ọsirélíà: Ìwòsàn Tí Ó Di Àrùn

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ayé lónìí, ohun tí àwọn ìjọba ń kéde sí etí àwọn ènìyàn ni pé kí wọ́n gbin igi. Ẹni tí ó bá gbé àáké ti igi, pàápàá igi tí ó wà ní bèbè odò, ojú ọ̀tá ìlú ni a fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ọsirélíà, nǹkan mìíràn ni ojú ń rí. Níbẹ̀, àgbẹ̀, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì a máa fi ọjọ́ ìsinmi wọn sílẹ̀. Wọn a gbé ayùn, oògùn apakoríko àti máàpù dání, wọn a sì lọ máa wá irú igi kan kiri létí odò kí wọ́n lè pa á. Kò sí ẹni tí ń san owó ọ̀yà fún wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é sì jẹ́ ilẹ̀ tí omi ti ṣọ̀wọ́n, tí ọ̀dá a máa dá lemọ́lemọ́. Ó yẹ kí olùgbọ́ tí ó ní làákàyè béèrè pé: ẹ̀ṣẹ̀ wo ni igi náà ṣẹ̀?

Wílò ni orúkọ igi náà. Kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Ọsirélíà rárá. Ilẹ̀ Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà ti Àríwá ni a ti mú un wá. Nígbà tí àwọn òyìnbó aṣíkiri tẹ ibẹ̀ dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbin wílò sí etí odò nítorí pé ó ń rán wọn létí ilé, nítorí òjìji rẹ̀ tí ó tutù, àti nítorí pé ẹran ọ̀sìn a máa jẹ ewé rẹ̀ nígbà ọ̀dá. Lẹ́yìn náà ni ìdí mìíràn tí ó lágbára ju ìwọ̀nyí lọ wá yọjú. Àwọn aṣíkiri náà ti gé igi àbáláyé tí ó wà ní bèbè odò kúrò láti fi dá oko. Màlúù àti àgùntàn wọn ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀gbàrá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó bèbè odò lulẹ̀. Wọ́n wá igi tí yóò tètè ta gbòǹgbò tí yóò sì di ilẹ̀ mú, wọ́n sì rí wílò. Àwọn aláṣẹ tí ń bójú tó odò pàápàá gbin ín káàkiri, wọ́n sì ń gbìn ín lọ títí di àárín ọ̀rúndún ogún àti kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá ni ó mú wílò wọ ìlú. Àwọn ènìyàn rere ni, inú rere ni wọ́n sì fi ṣe é. Ìwòsàn ni wọ́n ń wá.

Bí ìwòsàn náà ṣe di àrùn ni ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ gbọ́. Ẹni tí ó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ rí mọ̀ pé igi lásán ni a ń gé tí a ń kì bọ ilẹ̀, tí yóò sì hù. Bẹ́ẹ̀ ni wílò rí. Irú rẹ̀ kan wà tí ẹ̀ka rẹ̀ a máa ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Omi a gbé e lọ, ibi tí ó bá gúnlẹ̀ sí ni yóò ti ta gbòǹgbò tí yóò sì di igi. Yàtọ̀ sí èyí, wílò ní akọ, ó sì ní abo, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ́pẹ ti ní akọ àti abo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a gbìn ni kò rí ẹnì kejì, nítorí náà wọn kò lè so èso. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí a ń mú oríṣi tuntun wá láti òkèèrè, akọ pàdé abo, oríṣi kan sì bá èkejì lò pọ̀. Irúgbìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́pọ̀ yanturu. Irúgbìn yìí kéré púpọ̀, ó ní irun fúlẹ́fúlẹ́ bí òwú, afẹ́fẹ́ sì lè gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn réré. Igi tí a rò pé ó jókòó sí ojú kan ti wá ní ìyẹ́.

Ohun tí ó ń ṣe fún odò pọ̀. Èkíní, kì í dúró ní bèbè nìkan. A máa wọ inú odò lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ a hun ara wọn bí ẹní, yóò sì máa gba iyanrìn àti ẹrẹ̀ dúró títí ilẹ̀ odò yóò fi ga sókè. Omi tí ọ̀nà rẹ̀ dí kò ní dúró lójú kan. Yóò yà sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bèbè kan náà tí a torí rẹ̀ gbin igi yìí. Èkejì ni ti ewé. Igi àbáláyé ilẹ̀ Ọsirélíà, irú bí yukalíptù, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wọ́wé jálẹ̀ ọdún, ewé wọn sì le. Wílò ní tirẹ̀ a máa wọ́wé rẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà kí òtútù tó dé. Ewé rírọ̀ wọ̀nyí a rẹ̀ sínú omi, wọn a jẹrà kíákíá, wọn a sì gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí. Àwọn kòkòrò inú omi tí ó ti bá ewé líle àbáláyé mọ́ra yóò dínkù, ẹran omi tí ó ń jẹ wọ́n yóò sì wá ilé mìíràn lọ. Ọ̀kan nínú irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni platypus, ẹranko abàmì tí ẹnu rẹ̀ dà bí ti pẹ́pẹ́yẹ, tí ó ń yé ẹyin síbẹ̀ tí ó ń fún ọmọ ní ọmú.

Ẹ̀kẹta ni ti omi fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní CSIRO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ilẹ̀ náà, wọn iye omi tí wílò ń mu. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí a bá mú wílò tí ó dúró sínú odò gan-an kúrò, hẹ́kítà kan tí ẹ̀ka rẹ̀ bò lè dá omi tí ó tó nǹkan bí lítà mílíọ̀nù 5.5 padà fún odò ní ọdún kan. Ó yẹ kí a fi òdodo kún un pé wílò tí ó wà lórí bèbè kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí igi àbáláyé tí a bá gbìn dípò rẹ̀ yóò mu omi tirẹ̀ náà. Èyí tí ó dúró sínú omi ni olè. Ní orílẹ̀-èdè tí ìlú àti oko ń du omi mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ní ọdún 1999, ìjọba Ọsirélíà kọ orúkọ 20 èpò tí ó burú jùlọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, wílò sì wà lára wọn. Oríṣi mẹ́ta péré ni wọ́n yọ sílẹ̀, lára èyí tí wílò olómi-ojú wà, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ kan omi, tí gbogbo ènìyàn sì fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀ ni igi tí ọwọ́ ìjọba ti gbìn rí bọ́ sábẹ́ ìdájọ́ ìjọba.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè rìn dé etí odò fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2003 fi èyí hàn kedere. Ní oṣù January ọdún náà, mànàmáná dá iná sí orí òkè ńlá ní ìpínlẹ̀ Victoria, iná náà sì jó ilẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan hẹ́kítà. Ó jó dé Bogong High Plains, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó wà lórí òkè, níbi tí àwọn odò bíi Kiewa àti Mitta Mitta ti gba omi wọn. Ní orí òkè yìí ni àwọn ilẹ̀ àbàtà wà, tí wọ́n ń fa òjò àti yìnyín mu bí kànrìnkàn, tí wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún odò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iná jó ewéko orí àbàtà náà, ilẹ̀ sì wà ní ìhòòhò, ó tutù, kò sí ohun tí ó bò ó. Ohun tí irúgbìn wílò ń wá gan-an nìyí. Láti àfonífojì ni afẹ́fẹ́ ti gbé irúgbìn wílò eléérú gun òkè. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yóò fi padà débẹ̀, èhù wílò ti ń yọ lórí àbàtà níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn wá fi ìwúlò rẹ̀ hàn. Wílò lè bẹ̀rẹ̀ sí í so irúgbìn láàrin ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Èyí ni pé ẹni tí ó bá ní òun yóò dúró de ètò ìṣúná ọdún mẹ́ta òní, ìyá àti ọmọ-ọmọ ni yóò bá níbẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni bá àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ìjọba gun òkè. Wọ́n tò ní ìlà, wọ́n ń rìn lọ lórí àbàtà bí àwọn tí ń wá abẹ́rẹ́ tí ó bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fa èhù kéékèèké tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n sì ń kọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ní ìpínlẹ̀ New South Wales, ìṣòro náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Odò Colo ń ṣàn gba inú àfonífojì jíjìn kọjá nínú ọgbà ìjọba Wollemi, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú Sydney. Agbègbè yìí wà lára òkè Blue Mountains tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún ayé ní ọdún 2000. Kò sí ọ̀nà mọ́tò nínú àfonífojì náà; àpáta ga ní ọ̀tún àti ní òsì. Síbẹ̀ wílò dúdú, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti wọ ibẹ̀. Àwọn ará ìlú tí ó fẹ́ràn odò náà kó ara wọn jọ, wọ́n sì pe ara wọn ní Friends of the Colo, èyí ni àwọn ọ̀rẹ́ odò Colo. Ẹgbẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ Willow Warriors ń fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ àti ọkọ̀ rọ́bà tọ àwọn odò tí ẹsẹ̀ kò lè tọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìgbádùn fún wọn tẹ́lẹ̀, èyí ni wíwa ọkọ̀ lójú omi, ni wọ́n sọ di iṣẹ́ ìlú.

Bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí. Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe pípa igi. Mímọ ibi tí igi wà ni. Ẹni kan mú ẹ̀rọ kékeré dání tí ń gba ìròyìn láti ojú ọ̀run, tí yóò sọ ojú ibi tí ènìyàn dúró sí gan-an. Níbi tí wọ́n bá ti rí wílò, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀: irú rẹ̀, bí ó ti tóbi tó, bóyá akọ ni tàbí abo, àti ohun tí wọ́n ṣe sí i. Odò tí wọ́n rìn tí wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀, wọn a kọ èyí náà sílẹ̀, nítorí pé ibi tí ó mọ́ lónìí ni ó yẹ kí a ṣọ́ lọ́la. Láti inú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ni máàpù ti ń jáde. Máàpù ni yóò fi hàn pé abo igi kan ṣoṣo tí ó wà ní òkè odò ni ìyá ọgọ́rùn-ún èhù tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Nítorí náà, láti orísun ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a sì máa bá omi sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yóò ṣe é títí láé, nítorí odò yóò máa gbé tuntun wá bá a.

Lẹ́yìn èyí ni pípa. Èhù kékeré, ọwọ́ ni a fi ń fà á tu. Èyí tí ó bá tóbi díẹ̀, wọn a fi ayùn gé e, wọn a sì fi oògùn pa ojú kùkùté rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ó má baà rú padà. Igi ńlá ni wọn a lu ihò sí lára, tí wọn a sì rọ oògùn sínú ihò náà, igi yóò sì kú ní ìdúró. Wọn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀ka tútù kan sílẹ̀ nínú omi, nítorí pé ẹ̀ka tí ó bá bọ́ lọ yóò di igi mìíràn níwájú. Ìrètí kan wà nínú iṣẹ́ yìí: irúgbìn wílò kì í pẹ́ kú. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí kò bá rí ilẹ̀ tútù, ó parí. Kì í sin ara rẹ̀ sínú ilẹ̀ fún ogún ọdún bí àwọn èpò mìíràn. Bí ìyá bá ti kú, tí a sì ń padà wá wo èhù ní ọdọọdún, odò lè mọ́ ní tòótọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn ilẹ̀ náà fi ọwọ́ sí i. Peter Andrews, àgbẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ tàn káàkiri lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní ọdún 2005, sọ pé wílò àti àwọn èpò mìíràn ń dá omi dúró kí ó má baà sáré kọjá, pé wọ́n ń tọ́jú ilẹ̀ tí ó ti ṣá, àti pé ẹni tí ó bá wú wọn ń ba ilẹ̀ jẹ́ ni. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ràn òjìji igi tí bàbá-ńlá wọn gbìn. A kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá wú gbogbo wílò ibì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a kò gbin nǹkan kan dípò, bèbè yóò wó, ẹja yóò sì pàdánù ibòòji. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ti kọ́ èyí. Wọ́n ń ṣe é ní ìpele-ìpele. Wọ́n ń fi gbòǹgbò igi tí ó ti kú sílẹ̀ kí ó lè di ilẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ń gbin igi àbáláyé, wọ́n sì ń fi ọgbà dí màlúù lọ́nà. Ìjà tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ti mú kí iṣẹ́ náà dára sí i ju bí ìbá ti rí lọ bí kò bá sí ẹni tí ó takò ó.

Ó yẹ kí á sọ pẹ̀lú pé àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni kò dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ìjọba ni ó ń fún wọn ní àṣẹ, tí ó ń kọ́ wọn bí a ti ń lo oògùn lẹ́bàá omi, tí ó sì ń gba iṣẹ́ tí ó ju agbára wọn lọ ṣe. Ṣùgbọ́n ìjọba kò ní ojú tí ó tó láti wo gbogbo etí odò. Ojú àwọn ará ìlú ni ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèǹgbè.

Olùgbọ́ kan lè wí pé, kí ni ó kan Nàìjíríà nínú wílò? Igi náà lè má kàn án, ṣùgbọ́n ìtàn náà kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1984, koríko ojú omi kan tí ilé rẹ̀ jẹ́ Amẹ́ríkà ti Gúúsù, tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, gba ojú omi Porto-Novo wọ Badagry. Òdòdó rẹ̀ lẹ́wà. Nítorí ẹwà rẹ̀ ni a fi gbé e kiri ayé. Ibi tí ó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó lè di ìlọ́po méjì láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò pẹ́ tí ó fi bo ọ̀sà Èkó àti àwọn odò etíkun títí dé ìpẹ̀kun odò Ọya, tí ọkọ̀ apẹja kò rí ọ̀nà kọjá, tí àwọ̀n kò rí omi wọ̀. Ó dé adágún Kainji pẹ̀lú. Ní ìhà àríwá, lẹ́yìn tí a parí ìsédò Tiga ní ọdún 1974, tí a sì sé àwọn odò mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, omi tí ó ń gbẹ tẹ́lẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró jálẹ̀ ọdún ní apá ibì kan ní ilẹ̀ Hadejia àti Nguru. Koríko Typha, tí àwọn Hausa ń pè ní kachalla, rí àyè. Ó dí ojú odò, ó gba ilẹ̀ ìrẹsì àti pápá ẹran, àwọn ẹyẹ tí ń jẹ ọkà lóko sì fi í ṣe ilé. Ìsédò náà, ìwòsàn ni a ń wá nígbà tí a kọ́ ọ.

Àwọn ará abúlé kan ní ilẹ̀ Hadejia ti wọ inú omi pẹ̀lú dòjé, wọ́n ti kó ara wọn jọ gé kachalla nísàlẹ̀ omi kí ó lè kú, wọ́n sì ti rí i pé omi tún ṣàn níbi tí ó ti dí. Nítorí náà, kì í ṣe Ọsirélíà ni yóò kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Ọ̀wẹ̀ àti àáró kò ṣàjèjì sí wa, bẹ́ẹ̀ ni gàyyà kò ṣàjèjì sí àwọn Hausa. Ohun tí a lè kọ́ ni àkọsílẹ̀. Apẹja mọ ibi tí koríko ti kọ́kọ́ yọ ní ọdún yìí. Darandaran mọ ọ̀nà omi tí ó ti ń dí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà wà nínú orí wọn, kò sí lórí ìwé, kò sì dé ọ́fíìsì tí ètò ti ń jáde. Bí ó bá sì máa fi dé ibẹ̀, koríko ti bo odò, kò sí ohun tí ó kù bí kò ṣe ẹ̀rọ ńlá àti owó gọbọi. Ẹ̀rọ alágbèéká tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé lónìí tó láti fi máàpù odò wọn hàn, bí àwọn tí ó wà nípò bá ṣetán láti gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n sì lò ó. Ní ti oògùn, kí a ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mu omi odò wa bí ó ti ń ṣàn.

Ẹni tí ó gbin wílò àkọ́kọ́ sí etí odò Ọsirélíà ti lọ tipẹ́, kò sì mọ ohun tí òun fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn tún un ṣe, ní igi kan tẹ̀lé òmíràn. Àwọn odò tiwa náà ń dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú ìwé àti kálàmù lọ sí etí wọn, kí ó tó di pé ayùn nìkan ni ó kù.